Jan Amos Comenius

Jan Amos Comenius, tí àwọn ará ìlú rẹ̀ mọ̀ sí Jan Amos Komenský (28 oṣù Kẹta 1592 – 15 oṣù Kọkànlá 1670), jẹ́ olùkọ́, àlùfáà, onímọ̀ èdè àti òǹkọ̀wé láti agbègbè Moravia, èyí tí ó wà nínú Orílẹ̀-èdè Olómìnira Tsẹ́kì lóde òní. Òun ni ó kọ Orbis Sensualium Pictus, ìwé tí ó jáde ní ọdún 1658, tí a sábà máa ń kà mọ́ àwọn ìwé alwòrán àkọ́kọ́ tí a ṣe fún àwọn ọmọdé. Èrò tí orúkọ rẹ̀ kò fi parẹ́ ni pé kí ọmọ kọ́kọ́ fi ojú ara rẹ̀ rí nǹkan, kí ó fi ọwọ́ kàn án, kí ó sì mọ orúkọ rẹ̀ ní èdè ìyá rẹ̀, kí a tó máa kọ́ ọ ní òfin àti àkọ́sórí. Láti ìgbà tí ó ti wà ní ọmọ ọdún 29 ni ogun àti inúnibíni ẹ̀sìn ti ń lé e kiri, kò sì padà ní ilé ní ilẹ̀ bàbá rẹ̀ mọ́ títí tí ó fi kú.

Ìgbà èwe rẹ̀

Ìhà gúúsù ìlà-oòrùn Moravia ni a ti bí Comenius. Ìlú mẹ́ta, Uherský Brod, Nivnice àti Komňa, ni ó ń du orúkọ ìlú tí a bí i sí, ọ̀rọ̀ náà kò sì tíì yanjú. Láti ara orúkọ Komňa ni orúkọ ìdílé rẹ̀ ti wá. Martin ni orúkọ bàbá rẹ̀, Anna sì ni orúkọ ìyá rẹ̀. Inú Ìjọ Ìṣọ̀kan Àwọn Ará ni ìdílé náà wà. Ìjọ kékeré yìí jáde láti inú àwọn ọmọlẹ́yìn Jan Hus, kò sì sí lábẹ́ àṣẹ Póòpù. Àwọn ọmọ ìjọ náà fi ọwọ́ pàtàkì mú ẹ̀kọ́: wọ́n ní ilé-ẹ̀kọ́ tiwọn, wọ́n sì ti túmọ̀ Bíbélì sí èdè Tsẹ́kì.

Kí Comenius tó pé ọmọ ọdún 13, bàbá àti ìyá rẹ̀ ti kú. Ìbátan rẹ̀ obìnrin kan gbà á sí ọ̀dọ̀ ní ìlú Strážnice, ṣùgbọ́n ní ọdún 1605 àwọn ọmọ ogun láti Húngárì ya wọ ìlú náà, wọ́n sì bà á jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀kọ́ rẹ̀ dúró. Ó di ọdún 1608, nígbà tí ó ti pé ọmọ ọdún 16, kí ó tó wọ ilé-ẹ̀kọ́ Látìnì ní ìlú Přerov.

Látìnì ni èdè tí a fi ń kọ́ gbogbo ìmọ̀ ní Yúróòpù nígbà náà. Ọ̀nà tí a fi ń kọ́ ọ ni kí ọmọ há òfin gírámà sórí fún ọdún púpọ̀. Inú Látìnì tí ọmọ náà kò tíì gbọ́ ni a sì kọ òfin ọ̀hún sí. Pàṣán ni a fi ń lé ẹni tí kò bá tètè mọ̀ ọ́n. Comenius ti dàgbà ju àwọn tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì lọ, ojú rẹ̀ sì là sí àbùkù tí àwọn ọmọ kéékèèké kò lè sọ. Nígbà tí ó di àgbà, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun wà lára ọ̀pọ̀ ènìyàn tí a fi ìgbà èwe wọn ṣòfò nínú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kọ́ gíga àti iṣẹ́ àkọ́kọ́

Ní ọdún 1611 ìjọ rẹ̀ rán an lọ sí Herborn ní ilẹ̀ Jámánì. Johann Heinrich Alsted, ọ̀kan lára àwọn olùkọ́ ibẹ̀, ń wá ọ̀nà láti kó gbogbo ìmọ̀ ènìyàn jọ sínú ìwé kan ṣoṣo, èrò yìí sì wọ Comenius lára gan-an. Ní Herborn náà ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọ̀rọ̀ èdè Tsẹ́kì jọ ní ọdún 1612 fún ìwé atúmọ̀ èdè ńlá kan. Lẹ́yìn èyí ó lọ sí Yunifásítì Heidelberg. Níbẹ̀, ní ọdún 1614, ó ra ìwé àfọwọ́kọ Copernicus, ìyẹn ìwé tí onímọ̀ ìràwọ̀ náà fi sọ pé ayé ni ó ń yí oòrùn po. Ohun tí ó ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu ni pé Comenius kò gba ẹ̀kọ́ inú ìwé náà gbọ́. Títí ayé rẹ̀ ni ó gbà pé ayé ni ó dúró sí àárín.

Ó padà sílé ní ọdún 1614, ó sì di olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ Přerov tí òun fúnra rẹ̀ ti lọ. Kò pẹ́ tí ó fi kọ ìwé gírámà Látìnì kékeré kan láti mú iṣẹ́ rọrùn fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. A fi í joyè àlùfáà ní ọdún 1616. Ní ọdún 1618 ó di olùṣọ́-àgùntàn ìjọ àti olórí ilé-ẹ̀kọ́ ní ìlú Fulnek. Ọdún náà ni ó fẹ́ Magdalena Vizovská ní ìyàwó.

Ogun àti ìsákúrò nílé

Ọdún 1618 kan náà ni Ogun Ọgbọ̀n Ọdún bẹ́ sílẹ̀. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kọkànlá ọdún 1620, ọmọ ogun Olú-ọba tí ó jẹ́ Kátólíìkì ṣẹ́gun àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì ilẹ̀ Tsẹ́kì ní Òkè Funfun lẹ́bàá ìlú Prágù. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń dọdẹ àwọn àlùfáà Ìjọ Ìṣọ̀kan. Ní ọdún 1621 àwọn ọmọ ogun kó Fulnek, Comenius sì ní láti sá pamọ́, ó fi ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni àjàkálẹ̀ àrùn pa Magdalena àti ọmọ wọn méjèèjì. Àwọn ìwé rẹ̀ tí ó kù ní Fulnek, wọ́n dáná sun ún.

Ibi tí ó sá pamọ́ sí ní ilẹ̀ àwọn ìjòyè tí ó ń dáàbò bò ó ni ó ti kọ Labyrint světa a ráj srdce ní ọdún 1623. Ìtàn arìnrìn-àjò kan tí ó ń wo ayé ká ni ìwé náà, àwọn onímọ̀ lítíréṣọ̀ sì kà á mọ́ àwọn iṣẹ́ tí ó dára jù lọ ní èdè Tsẹ́kì. Ní ọdún 1624 ó fẹ́ Dorota Cyrillová. Nígbà tí òfin dé pé kí àwọn tí kò bá gba ẹ̀sìn Kátólíìkì kúrò nílùú, Comenius àti àwọn ará ìjọ rẹ̀ ré kọjá ààlà ní ọdún 1628, wọ́n sì tẹ̀dó sí Leszno ní ilẹ̀ Pólándì. Wọ́n rò pé àwọn yóò padà láìpẹ́.

Ilé-ẹ̀kọ́ orí ẹsẹ̀ ìyá

Ní Leszno, Comenius ń kọ́ ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́, ó sì ń múra sílẹ̀ de ọjọ́ tí wọn yóò padà tún ilé ṣe. Ó gbà pé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọdé ni àtúnṣe ìlú tí ogun ti fọ́ gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ó wá gbé ètò ẹ̀kọ́ kan kalẹ̀ tí ó pín sí ìpele mẹ́rin, ọdún mẹ́fà mẹ́fà. Ìpele àkọ́kọ́ wà nínú gbogbo ilé, lórí ẹsẹ̀ ìyá. Ìkejì wà ní gbogbo abúlé, ní èdè àbínibí. Ìkẹta jẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ Látìnì ní ìlú kọ̀ọ̀kan. Ìkẹrin sì jẹ́ yunifásítì. Ó tẹnu mọ́ ọn pé ọkùnrin àti obìnrin, olówó àti tálákà, ni ó yẹ kí ó wọ ilé-ẹ̀kọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ṣàjèjì létí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní àsìkò rẹ̀.

Nípa ìpele àkọ́kọ́ ni ó kọ Informatorium školy mateřské ní èdè Tsẹ́kì, ní nǹkan bí ọdún 1630. Àwọn òbí, pàápàá àwọn ìyá, ni ó kọ ọ́ fún. Ó sọ fún wọn pé ọmọ níye lórí ju wúrà àti fàdákà lọ. Ó rọ ìyá láti fún ọmọ rẹ̀ ní ọmú fúnra rẹ̀, ó sì kìlọ̀ pé kí a má ṣe rán ọmọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ kí ó tó pé ọmọ ọdún mẹ́fà.

Ohun tí ó jẹ́ tuntun jù nínú ìwé náà ni bí ó ṣe fi hàn pé gbogbo ẹ̀ka ìmọ̀ ni ó ní gbòǹgbò nínú ohun tí ọmọdé ń rí lójoojúmọ́. Ọmọ tí ó mọ omi, iná, òjò, òkúta, igi, ẹyẹ àti ẹja ti bẹ̀rẹ̀ ìmọ̀ nípa ìṣẹ̀dá. Èyí tí ó mọ òkùnkùn yàtọ̀ sí ìmọ́lẹ̀, tí ó sì lè dárúkọ àwọ̀, ti bẹ̀rẹ̀ ìmọ̀ nípa ìmọ́lẹ̀. Èyí tí ó ń na ìka sí òṣùpá àti ìràwọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ìmọ̀ nípa ojú ọ̀run. Jọ́gíráfì bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí a tẹ́ ọmọ sí, ó kan yàrá, ó kan ilé, kí ó tó kan oko, odò àti òkè. Ìtàn bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọmọ bá lè rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lánàá àti níjẹta. Ìṣirò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú mímọ̀ pé méje pọ̀ ju márùn-ún lọ. Kódà ìmọ̀ nípa ètò ìlú ní ìbẹ̀rẹ̀ nínú ilé, nígbà tí ọmọ bá mọ ẹni tí ó jẹ́ bàbá, ẹni tí ó jẹ́ ìyá, ẹni tí ó jẹ́ òṣìṣẹ́, àti iṣẹ́ tí kálukú ń ṣe.

Comenius kò ka eré ọmọdé sí ìranù. Ó ní kí a jẹ́ kí àwọn ọmọ máa ṣe nǹkan ṣáá bí eèrà, kí àgbà kàn máa ṣọ́ wọn. Dípò ọ̀bẹ gidi tí ó lè gé wọn lọ́wọ́, kí a fún wọn ní ti ìṣeré. Kí wọ́n ní kẹ̀kẹ́ ẹrù kékeré, ohun ìtulẹ̀ kékeré, kí wọ́n sì máa fi amọ̀, igi àti òkúta kọ́ ilé. Kí a fún ọmọ ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún ní ẹfun láti fi ya ohun tí ó bá wù ú.

Ìwé yìí jáde ní èdè Jámánì ní ọdún 1633. Ti èdè Tsẹ́kì, èdè àwọn ìyá tí ó ní lọ́kàn, kò di títẹ̀ títí di ọ̀rúndún kọkàndínlógún.

Òkìkí rẹ̀ ní Yúróòpù

Ìwé tí ó kọ́kọ́ gbé orúkọ rẹ̀ jáde ni Janua linguarum reserata (1631). Nínú rẹ̀ ó lo nǹkan bí 8,000 ọ̀rọ̀ Látìnì nínú 1,000 gbólóhùn, ó sì tò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ gẹ́gẹ́ bí àwọn nǹkan inú ayé ṣe tẹ̀ léra, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí òfin gírámà. Láàárín ọdún díẹ̀, wọ́n ti túmọ̀ rẹ̀ sí ọ̀pọ̀ èdè. Síbẹ̀ ìwé náà le jù fún àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, Comenius sì kọ Vestibulum (1633) tí ó rọrùn ju ú lọ.

Ní ọdún 1641 Samuel Hartlib àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pè é sí Ìlú Ọba láti wá dá ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ogun abẹ́lé tí ó ń bọ̀ níbẹ̀ ba ètò náà jẹ́. Ó kúrò ní ọdún 1642, ó bá onímọ̀ ọgbọ́n orí René Descartes pàdé ní ilẹ̀ Nẹ́dálándì, ó sì gba iṣẹ́ ìwé kíkọ fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ilẹ̀ Swídìn, èyí tí ó gbé ìlú Elbing ṣe. Ìrètí rẹ̀ ni pé Swídìn yóò gbèjà àwọn ará ìjọ rẹ̀ nígbà tí ogun bá parí. Àdéhùn àlàáfíà ọdún 1648 kò fún wọn láyè láti padà sílé. Ọdún náà ni ìyàwó rẹ̀ kejì kú, ọdún náà sì ni wọ́n fi í jẹ olórí àwọn bíṣọ́ọ̀bù ìjọ tí kò ní ilẹ̀ mọ́. Ó fẹ́ Jana Gajusová ní ọdún 1649.

Orbis Pictus

Láti ọdún 1650 sí 1654, Comenius ṣiṣẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Sárospatak ní ilẹ̀ Húngárì. Níbẹ̀ ni ó ti sọ ẹ̀kọ́ inú Janua di eré orí ìtàgé, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kọ́ Látìnì nípa ṣíṣe é. Níbẹ̀ náà ni ó ti kọ Orbis Sensualium Pictus, tí ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ jẹ́ ayé tí a lè fojú rí nínú àwòrán. Kò sí ẹni tí ó lè fín àwọn àwòrán rẹ̀ sára pákó ní agbègbè náà, nítorí náà ìlú Nuremberg ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1658, ní Látìnì àti Jámánì. Charles Hoole túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1659.

Ìwé náà ní nǹkan bí orí 150. Àwòrán kan wà lókè orí kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà sì wà lára ohun kọ̀ọ̀kan nínú àwòrán náà. Ọmọ tí ó bá rí nọ́ńbà lára ilé ìléru alágbẹ̀dẹ yóò rí nọ́ńbà kan náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ tí ó dúró fún un nísàlẹ̀, ní èdè méjèèjì. Alífábẹ́ẹ̀tì ni ó ṣáájú, ó sì so lẹ́tà kọ̀ọ̀kan mọ́ ohùn kan tí ọmọ mọ̀: igbe kannakánná, igbe ọ̀dọ́ àgùntàn, ẹkún ọmọ ọwọ́, ariwo afẹ́fẹ́, híhu ìkookò. Ọmọ tí ó ń fi ẹnu ṣe bí ẹran ti ń kọ́ lẹ́tà láìmọ̀. Lẹ́yìn èyí ni iná, afẹ́fẹ́, omi, ìkúukùu, irin, igi àti ẹranko. Ẹ̀yà ara ènìyàn. Iṣẹ́ ọwọ́ bí ìpẹja, búrẹ́dì ṣíṣe, aṣọ rírán àti ìwé títẹ̀. Eré ọmọdé, ọkọ̀ ojú omi, ìlú tí ogun dó tì, àti onírúurú ẹ̀sìn, títí dé Ọjọ́ Ìdájọ́. Fún ọkàn ènìyàn tí a kò lè fojú rí, wọ́n ya ìrísí ènìyàn tí a fi àmì tó-tò-tó ṣe.

Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú, Comenius ní kí a fún àwọn ọmọ ní ìwé náà nílé kí wọ́n tó wọ ilé-ẹ̀kọ́, kí wọ́n máa wo àwòrán rẹ̀ bí ó ti wù wọ́n, kí wọ́n sì máa fi ọwọ́ ara wọn yà á. Kò fẹ́ kí àwòrán gba ipò nǹkan gidi. Bí ohun kan bá wà nítòsí, ohun náà gan-an ni kí a fi han ọmọ. Yíǹkì kò lè ya adùn tàbí àwọ̀. Ó ní kí ilé-ẹ̀kọ́ ńlá máa tọ́jú àwọn ohun tí kò wọ́pọ̀ nílé pamọ́, kí olùkọ́ lè máa mú wọn jáde. Ó tún fẹ́ kí wọ́n fi èdè àbínibí ibi kọ̀ọ̀kan sínú ìwé náà.

Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ kò tẹ̀ lé gbogbo rẹ̀. Wọ́n sọ ìwé náà di ìwé Látìnì lásán, wọ́n ní kí ọmọ há ọ̀rọ̀ rẹ̀ sórí, ìyẹn àrùn tí ó kọ ọ́ láti wò.

Iná Leszno

Comenius padà sí Leszno ní ọdún 1654. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, Swídìn kógun wọ Pólándì, Comenius sì kọ ìwé ìyìn fún ọba Swídìn nítorí ó rò pé ọba náà yóò gba àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì là. Èyí bí àwọn ará Pólándì nínú. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1656, àwọn jagunjagun Pólándì dáná sun Leszno. Ilé Comenius jóná, ìwé rẹ̀ àti ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí kò tíì tẹ̀ jáde sì bá a lọ. Èyí tí ó dùn ún jù ni ìwé atúmọ̀ èdè Tsẹ́kì tí ó ti bẹ̀rẹ̀ ní Herborn. Ó ti fi ọdún 44 kó ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jọ. Ó kọ ọ́ pé títí òun yóò fi kú ni òun yóò máa dárò rẹ̀.

Ìgbà ogbó àti ikú rẹ̀

Ìdílé De Geer gbà á sí Amsterdam, ìgbìmọ̀ ìlú náà sì ràn án lọ́wọ́ láti tẹ àkójọ ìwé ẹ̀kọ́ rẹ̀, Opera didactica omnia, ní ọdún 1657. Inú rẹ̀ ni Didactica magna, ìwé rẹ̀ tí ó gbòòrò jù lórí ọ̀nà ìkọ́ni, ti kọ́kọ́ jáde ní Látìnì. Ọdún kan náà ni ó tẹ Lux in tenebris, àkójọ àsọtẹ́lẹ̀ àwọn aríran tí ó gbà gbọ́, tí wọ́n ní ìṣubú àwọn aninilára ìjọ rẹ̀ ti dé tán. Àwọn àsọtẹ́lẹ̀ náà kò ṣẹ. Pierre Bayle fi wọ́n bu ẹnu àtẹ́ lù ú kíkankíkan nínú ìwé atúmọ̀ rẹ̀, èyí sì ṣíji bo orúkọ Comenius láàárín àwọn ọ̀mọ̀wé fún ìgbà pípẹ́.

Ó kú ní Amsterdam ní ọjọ́ 15 oṣù Kọkànlá ọdún 1670, ní ọmọ ọdún 78. Ìlú Naarden tí kò jìnnà síbẹ̀ ni a sin ín sí.

Ogún tí ó fi sílẹ̀

Orbis Pictus wà ní ọwọ́ àwọn ọmọdé Yúróòpù fún nǹkan bí igba ọdún. Goethe, akéwì ilẹ̀ Jámánì, dárúkọ rẹ̀ nínú ìtàn ìgbésí ayé ara rẹ̀ mọ́ ìwé tí òun lò ní kékeré. Ní àárín àwọn ọdún 1930, onímọ̀ Dmitry Chyzhevsky rí ìwé àfọwọ́kọ iṣẹ́ ńlá rẹ̀ lórí àtúnṣe gbogbo ọ̀ràn ènìyàn ní ìlú Halle, níbi tí ó ti wà láìsí ẹni tí ó kà á sí.

Ọjọ́ ìbí rẹ̀, ọjọ́ 28 oṣù Kẹta, ni Ọjọ́ Àwọn Olùkọ́ ní Orílẹ̀-èdè Olómìnira Tsẹ́kì àti ní Slofákíà. Àwòrán rẹ̀ wà lórí owó bébà 200 ilẹ̀ Tsẹ́kì, yunifásítì tí ó wà ní Bratislava sì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Àmì-ẹ̀yẹ tí àjọ UNESCO ti fún àwọn tí wọ́n ṣe gudugudu méje nínú iṣẹ́ ẹ̀kọ́ náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ní Naarden, ibojì rẹ̀ àti ilé ọnà tí a ṣe ní ìrántí rẹ̀ ṣì wà títí di òní.